Ẹ Mọ Kòkòrò Ajẹwé àti Àfòpiná Tí Ó Bí I Kí Ẹ Tó Gbé Oògùn

Ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí dá lórí àwọn kòkòrò tí ń rápálá lórí ewé, tí ń jẹ ẹ̀fọ́, tí ń gbẹ́ èso, tí wọn a sì di àfòpiná tàbí labalábá bí wọ́n bá gbó tán. Kòkòrò ajẹwé ni a ó máa pè wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú èso tàbí inú igi ọ̀gbìn ni òmíràn nínú wọn ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹrù oko ń gúnlẹ̀ sí, èyíinì ni ọjà. Ọjà Ekiosa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí ó lórúkọ ní ìlú Benin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Edo, gẹ́gẹ́ bí Ọjà Ọba, New Benin, Uselu àti Oliha. Àwọn àgbẹ̀ wa tí ó wà lójú títì Ọ̀wọ̀ sí Ifọ́n, àti àwọn tí ó wà ní apá Ọ̀rẹ̀, mọ̀ pé Benin kò jìnnà sí wọn. Ẹni tí ó bá gbé tẹ̀tẹ̀, ilá, ikàn tàbí àgbàdo tútù dé irú ọjà bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé oníbàárà kì í béèrè orúkọ kòkòrò. Yóò yí ìdì ẹ̀fọ́ po, yóò wo abẹ́ rẹ̀, yóò tẹ ikàn wò lọ́wọ́. Bí ó bá rí ihò tàbí ìgbẹ́ kòkòrò, yóò dín owó kù, tàbí kí ó kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń sáré gbé páǹpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn ní kété tí wọ́n bá ti rí ihò kan lára ewé. Ṣùgbọ́n ihò kò sọ ẹni tí ó lù ú. Ẹ wo ilá fún àpẹẹrẹ. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ roboto tí ó máa ń kún ara ewé ilá nílẹ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe iṣẹ́ kòkòrò ajẹwé rárá. Ọ̀bọ̀nbọ̀n kékeré kan ni, tí kò tó hóró ìrẹsì, tí ó sì máa ń fò bí eégbọn nígbà tí a bá fọwọ́ kan ewé. Ajẹwé ti ilá, ní tirẹ̀, a máa ká ewé bí ẹní, a sì máa gbé inú rẹ̀. Oògùn tí ó bá ọ̀kan mu lè má ṣe ohunkóhun fún èkejì. Owó oògùn a lọ, ihò a sì pọ̀ sí i.

Bí a ti ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀

Ìgbà mẹ́rin ni ó wà nínú ayé wọn. Àfòpiná a yé ẹyin. Ẹyin a pa, a di kòkòrò ajẹwé. Ajẹwé a jẹun títí yóò fi yó, a sì di ìdì kan líle tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò sì rìn. Láti inú ìdì yìí ni àfòpiná tuntun yóò ti jáde. Ní ti àwọn tí a ń sọ yìí, ìgbà kejì nìkan ni ó ń ba ọ̀gbìn jẹ́. Àfòpiná tí ń fò kò ní eyín tí yóò fi jẹ ewé. Omi òdòdó ni púpọ̀ nínú wọn ń fà mu. Àwọn baba wa tí ó sọ ọ́ ní àfòpiná, bí ó ti ń fò lu iná fìtílà ni wọ́n wò. Àwa àgbẹ̀ ní láti wo ohun mìíràn mọ́ ọn: ibi tí ó bà sí kí ó tó wá sídìí fìtílà, nítorí ibẹ̀ ni ó yé ẹyin sí.

Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò ajẹwé tòótọ́ ní ẹsẹ̀ oríṣi méjì. Mẹ́fà wà ní àyà, lẹ́yìn orí gan-an, tí wọ́n ṣe ṣóńṣó. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ẹsẹ̀ ikùn, tí ó kúrú tí ó sì rọ̀. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ó tó mẹ́wàá, ní méjì-méjì. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ ikùn wọn kò ju mẹ́rin lọ, tí gbogbo rẹ̀ sì wà lápá ẹ̀yìn; àwọn wọ̀nyí ni ó máa ń ká ara sókè bí ọrun nígbà tí wọ́n bá ń rìn, bí ẹni tí ń fi ìka wọn aṣọ.

Ìdin funfun ńlá, tí ó sanra bí àtàǹpàkò, tí a máa ń tà fún jíjẹ ní ìlú Benin àti ní ọ̀pọ̀ ìlú etídò, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹ yí i padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: kò ní ẹsẹ̀ kankan. Ọmọ ọ̀bọ̀nbọ̀n onímú gígùn tí ń gbé inú ọ̀pẹ ni. Ajẹwé tòótọ́ kan wà tí ń bá ọ̀pẹ jà, ọmọ àfòpiná tí ń gbẹ́ ọ̀mù ọ̀pẹ kékeré; nígbà tí ọ̀mù náà bá là, ẹ ó rí ihò tí ó tò léraléra lára ewé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọ̀pẹ tí nǹkan ń jẹ, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀pẹ, NIFOR, wà nítòsí ìlú Benin. Ọdún 1939 ni a dá ibùdó náà sílẹ̀, ó sì ti ń jẹ́ NIFOR láti ọdún 1964.

Láti mọ àfòpiná yàtọ̀ sí labalábá, ẹ wo ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó wà ní orí rẹ̀. Ti labalábá nípọn ní ṣóńṣó bí orí igi ìlù. Ti àfòpiná dàbí òwú tàbí bí ìyẹ́ adìẹ. Labalábá a máa fò lọ́sàn-án, a sì máa pa ìyẹ́ pọ̀ sókè bí ó bá bà. Òru ni púpọ̀ nínú àfòpiná ń fò, wọn a sì tẹ́ ìyẹ́ sílẹ̀ bí òrùlé.

Ti tẹ̀tẹ̀

Ajẹwé tí ó ń pa àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ lẹ́kún jù lọ ni ti tẹ̀tẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Spoladea recurvalis. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, Hymenia ni wọ́n kọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ó máa ń fi okùn bí ti aláǹtakùn so ewé pọ̀, a sì máa ha ẹran ewé jẹ, tí yóò fi ṣẹ́ ku iṣan àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí àgbẹ̀ bá dúró lókèèrè, yóò rò pé oòrùn ni ó jó ẹ̀fọ́ òun.

Àfòpiná rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, bí ẹ bá ń wò. Ó kéré, láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ lọ. Ó ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀, ìlà funfun sì dábùú ìyẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn láàárín ebè lọ́sàn-án, yóò ta dìde níwájú yín, yóò fò díẹ̀, yóò sì tún bà sábẹ́ ewé. Bí ẹ bá rí i tí ó ń ta báyìí ní púpọ̀, ẹ má tíì fọ́n nǹkan kan. Ẹ ka ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ewé wò lábẹ́, nítorí àsìkò yìí ni ẹyin rẹ̀ yóò ti pa. Ewé tí ó bá ti so pọ̀, ẹ já a, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pa. Nínú ọgbà kékeré, ọwọ́ méjì àti òwúrọ̀ méjì tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ ronú sí nípa tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí a ń fà tu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn gbígbìn ni. Oògùn tí a bá fọ́n sí i ní ọjọ́ kejì ọjà, kò sí àkókò tí yóò fi kúrò lára ewé. Oníbàárà tí ó rà á ní Ekiosa lówùúrọ̀ yóò sè é fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́.

Bí ẹ bá ti kórè tán, ẹ tú ilẹ̀ ebè náà kí ẹ tó gbin òmíràn. Inú ilẹ̀ ni ajẹwé tẹ̀tẹ̀ ń lọ di ìdì. Oòrùn àti adìẹ yóò bá yín parí iṣẹ́.

Ti àgbàdo: àlejò láti Amẹ́ríkà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò kan lára àgbàdo ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, èyí tí a kò rí rí ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kéde rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Orúkọ rẹ̀ ni Spodoptera frugiperda. Kí ọdún 2018 tó parí, ó ti tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 40 lọ ní Áfíríkà.

A ti ní ajẹwé tiwa lára àgbàdo tẹ́lẹ̀, àwọn tí ń gbẹ́ inú igi rẹ̀, tí wọn a sì máa pọ̀ nínú àgbàdo àgbìnkẹ́yìn. Ó rọrùn láti ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, nítorí náà ẹ mú ọ̀kan nínú wọn lé àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ó bá jẹ́ àlejò náà, ẹ ó rí ìlà ràndánràndán kan níwájú orí rẹ̀, bí pàlàkà igi kànnàkànnà tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ẹ wá wo ìdí rẹ̀: ní oríkèé tí ó kángun sí ìparí, àmì dúdú mẹ́rin wà níbẹ̀, tí wọ́n tò sí igun mẹ́rin bí ẹsẹ̀ àga. Tí ẹ bá rí méjèèjì, ẹ má ṣiyèméjì mọ́. Àwọn agbẹ́gi tiwa kò ní ẹsẹ̀ àga yìí. Púpọ̀ nínú wọn ní àwọ̀ funfun tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, inú igi àgbàdo ni wọn yóò sì wà nígbà tí ẹ bá là á. Bí ewé àárín àgbàdo bá gbẹ, tí ẹ fà á tí ó sì yọ lọ́wọ́ yín láìjanpata, agbẹ́gi ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Iṣẹ́ àlejò náà hàn lójú bákan náà. Àfòpiná rẹ̀ a máa yé ẹyin ọgọ́rùn-ún sí igba papọ̀ lójú kan lára ewé, a sì fi irun ara rẹ̀ bò ó bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, wọn a máa ha ewé tí yóò fi dàbí fèrèsé onídígí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a wọ ọkàn àgbàdo lọ, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, wọn a sì máa ya ìgbẹ́ bí ìyẹ̀fun pákó síbẹ̀. Àwọn ńlá a máa jẹ ara wọn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀kan péré ni a sábà máa ń bá nínú ọkàn àgbàdo kan. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó ti gbó, yóò sọ̀kalẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ di ìdì. Nínú ooru ilẹ̀ wa, láti ẹyin dé àfòpiná tó bí oṣù kan.

Ẹ rí i pé ọjọ́ tí ó rọrùn láti ṣẹ́gun rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà fèrèsé ni. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí àgbàdo ti hù, ẹ máa yíká oko ní ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ìdì ẹyin tí ẹ bá rí, ẹ fi ìka rẹ́ ẹ pa. Àgbẹ̀ olóko kékeré a máa bu iyanrìn tàbí eérú díẹ̀ sínú ọkàn àgbàdo tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ìgbẹ́ pákó ti dí ẹnu ọkàn àgbàdo, oògùn tí ẹ bá fọ́n kì yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti kọ́ ilé, ó sì ti ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, a gba irúgbìn àgbàdo TELA wọlé fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí ó ń kojú àlejò yìí àti àwọn agbẹ́gi. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ agbègbè rẹ̀, kí ó má ra hóró lásán lọ́jà tí a pè ní TELA.

Ti ẹ̀wà, ti ikàn àti ti ọsàn

Ajẹwé ẹ̀wà, tí a ń pè ní Maruca vitrata, funfun bí ọ̀rá, pẹ̀lú àmì dúdú tí ó tò ní ẹ̀yìn rẹ̀. Inú òdòdó àti inú páádi ẹ̀wà ni ẹ ó ti bá a. Àfòpiná rẹ̀ ní fèrèsé funfun lára ìyẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, kì í sì í pa ìyẹ́ dé bí ó bá bà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019 ni ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti Zaria ṣe, èyí tí ajẹwé yìí kò lè jẹ kí ó yè. Ṣùgbọ́n kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kòkòrò inú àpò, èyí tí ń lu ẹ̀wà gbígbẹ: ọ̀bọ̀nbọ̀n nìyẹn. Nítorí kòkòrò inú àpò yìí ni àwọn kan fi ń da oògùn dichlorvos sí ẹ̀wà, ohun tí ó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò dára. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n bá oògùn yìí nínú rẹ̀ láti mílígíráàmù 0.03 dé 4.6 nínú kílò kan, nígbà tí òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ.

Ti ikàn ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ adé èso ni ó sì ń gbà wọlé. Bí ẹ bá rí ihò roboto lára ikàn, ó ti jáde lọ nìyẹn. Kò sí oògùn tí yóò tẹ̀lé e wọ inú èso. Ẹ ká ikàn tí ó bá ti lu, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ẹ má fi sílẹ̀ sábẹ́ igi.

Lórí ọsàn ẹ ó rí ajẹwé kan tí ó dàbí ìgbẹ́ ẹyẹ nígbà tí ó kéré, tí ó sì di aláwọ̀ ewé bí ó bá dàgbà. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò yọ ìwo pupa olóríta méjì, òórùn rẹ̀ a sì gba afẹ́fẹ́. Kì í bu ni ṣán. Ọmọ labalábá dúdú alámì ofeefee ni. Ọsàn ńlá kò ka jíjẹ rẹ̀ sí, ọsàn kékeré nínú ilé ìtọ́jú ni kí ẹ máa ṣà á kúrò lára rẹ̀.

Ẹ sìn ín sínú ìgò

Ọ̀nà tí ó dájú jù láti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ sìn ín. Ẹ wá ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, kí ẹ bu ilẹ̀ gbígbẹ sí ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kí ẹ fi ajẹwé kan sínú rẹ̀ pẹ̀lú ewé tí ẹ bá a lórí rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ewé mìíràn. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi dé e, kí ó lè mí. Ẹ máa pààrọ̀ ewé lójoojúmọ́, kí ẹ sì gbé ìgò náà síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Nígbà tí kò bá jẹun mọ́, ẹ fi í sílẹ̀; ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àfòpiná yóò jáde. Ẹ fi àwọn ọmọ ilé-ìwé sí ìdí iṣẹ́ yìí, ojú wọn mú ju tiwa lọ.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe àfòpiná ni yóò jáde. Ẹ lè rí i pé àwọn ohun funfun kéékèèké bí hóró ìrẹsì lẹ̀ mọ́ ara ajẹwé náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti gbẹ. Agbọ́n kékeré kan ni ó ti yé ẹyin sí i lára. Irú ajẹwé bẹ́ẹ̀ nínú oko, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí láti ara rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ yín yóò ti jáde. Oògùn líle tí a fọ́n láìwò ń pa agbọ́n yìí ṣáájú ajẹwé tí ó fara pa mọ́.

Bí oògùn bá di dandan, èyí tí a ṣe láti ara kòkòrò àìrí Bacillus thuringiensis ń pa ajẹwé tí ó bá jẹ ẹ́, kò sì kan agbọ́n. Ṣùgbọ́n kò mú ọ̀bọ̀nbọ̀n ilá. Ẹni tí ó ní igi dóńgóyárò lè gún ẹran inú kóró rẹ̀ gbígbẹ, gíráàmù 50 sí lítà omi kan, kí ó rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó sì fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Dichlorvos kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ láàárín ọjà. Oògùn yòówù kí ẹ rà, ẹ ka iye ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ pé kí ó kọjá kí a tó kórè, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó mọ̀wé kà á fún yín bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí à ń jẹ

A kò lè parí ẹ̀kọ́ yìí láìsọ ti ajẹwé tí àwọn ènìyàn wa ń jẹ, pàápàá èyí tí ń gbé pọ̀ lórí igi arère, tí wọ́n sì jọ ń hun ìtẹ́ òwú kan. Ẹbí àfòpiná tí a ń fi òwú rẹ̀ hun sányán ni. Oúnjẹ tí ó lọ́ràá ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan nínú tí ń ba fítámì B1 jẹ́. Ní ọdún 1958 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà kọ ìwé nípa àìsàn kan tí ń dé ní àkókò òjò, tí ara a máa gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ kò sì ní gba ènìyàn dúró. Ní ọdún 1994, a fi hàn pé fítámì B1 ń wo àwọn aláìsàn náà sàn. Ní ọdún 2000, a bá ohun tí ń ba fítámì jẹ́ náà nínú ajẹwé ọ̀hún, a sì rí i pé iná díẹ̀ kò tó láti pa á. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju ẹ̀kọ tàbí gàrí lọ ni ó wà nínú ewu jù. Ẹ sè é pẹ́, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́, ẹ sì fi ẹ̀wà kún oúnjẹ yín. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá ń gbọ̀n lẹ́yìn jíjẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ ohun tí ó jẹ.

Ajẹwé tí ẹ kò bá lè dá mọ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fi àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ńlá àti kékeré, sínú ìgò kékeré tí ẹ bu ọtí ògógóró tí ó le sí, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà pẹ̀lú pẹ́ńsù, nítorí ọtí ń fọ yíǹkì: orúkọ abúlé yín, ọjọ́ tí ẹ rí i, ọ̀gbìn tí ẹ bá a lórí rẹ̀, àti apá ibi tí ó ń jẹ, bóyá ewé ni, tàbí òdòdó, tàbí èso. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tí ó súnmọ́ yín. Ti ẹ̀fọ́ àti èso, ó lè fi ránṣẹ́ sí NIHORT ní Ìbàdàn.